RNA ń gòkè, purotéènì ń wálẹ̀: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lórí gbòǹgbò Arabidopsis

Nọ́ńbà kan ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Mo fi auxin, hòmóònù tó ń darí bí ewéko ṣe ń dàgbà, sí ọ̀gbìn Arabidopsis kékeré fún wákàtí kan. Mo yọ RNA wọn, ìyẹn ẹ̀dà àṣẹ jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, mo wá jíìnì kan tó ń jẹ́ IAA19, mo rí i pé RNA rẹ̀ ti fò sókè dé nǹkan bí ìlọ́po 15. Inú mi dùn títí mo fi rántí iṣẹ́ tí IAA19 ń ṣe. Purotéènì rẹ̀ ni ìjánu tó ń dá auxin dúró! Nínú ìwé mi, ìjánu ń pọ̀ sí i. Lórí abọ́, gbòǹgbò ń ṣe bí ẹni tí wọ́n tú ìjánu fún.

Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń lo tábìlì yẹ ìwé mi wò, ó ní, "Ṣé o ti wo purotéènì náà fúnra rẹ̀?" Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n." Ó ní, "Kí lo wá ń yọ ara ẹ lẹ́nu lé lórí?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ṣe láti ọjọ́ náà ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, àti èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó jọjú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè fo ibi tí mo ti ṣubú.

Ìpele 1. Irúgbìn àti abọ́

Arabidopsis thaliana ni mo lò. Koríko wẹ́wẹ́ ni, ìdílé kan náà ni òun àti mọ́sítáàdì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa ń gbà láti irúgbìn dé irúgbìn, wọ́n sì ti ka DNA rẹ̀ láti ọdún 2000. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé bí o bá sín sí i, ó parí nìyẹn.

Oúnjẹ inú abọ́, fún lítà kan: iyọ̀ Murashige àti Skoog (MS) ní ìdajì agbára, gíráàmù 2.2, ṣúgà, gíráàmù 10, ágà, gíráàmù 8. Mo fi KOH gbé pH rẹ̀ dé 5.7 kí n tó da ágà sí i, mo wá sè é ní 121°C fún ìṣẹ́jú 20.

Fífọ irúgbìn: ethanol 70% fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà bílíìṣì tí a fi omi là sí méjì, pẹ̀lú Tween 20 (irú ọṣẹ kan) ẹ̀kán kan, fún ìṣẹ́jú 10. Omi mímọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́ta nínú òkùnkùn ní 4°C kí gbogbo wọn lè jí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó bọ́ sí 22°C, ìmọ́lẹ̀ wákàtí 16, òkùnkùn wákàtí 8.

Àṣìṣe méjì níbí. Àkọ́kọ́, mo lọ dáhùn ìpè orí fóònù nígbà tí irúgbìn ṣì wà nínú bílíìṣì. Ìṣẹ́jú 35 ni mo pa dà. Nínú irúgbìn 100, 31 péré ló hù. Èkejì, ágà gíráàmù 8 rọ̀ jù fún abọ́ tí a gbé dúró lórí ẹ̀gbẹ́. Dípò kí gbòǹgbò máa rìn lórí ágà, ṣe ló ń wọ inú rẹ̀, gbogbo èyí tí mo fẹ́ fà yọ ló sì ń já. Mo gbé e dé gíráàmù 12, ọ̀rọ̀ yẹn tán.

Ìpele 2. Auxin tó ń sá lọ

Auxin tí ewéko máa ń ṣe fúnra rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ IAA, ni mo rà. Mílígíráàmù 17.5 nínú ethanol mílílítà 10 fún mi ní 10 mM (mM, µM, nM ń sọ bí èròjà ṣe pọ̀ tó nínú omi; ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún èyí tó ṣáájú rẹ̀). Láti inú èyí mo ṣe 100 µM, mo wá da máíkírólítà 250 rẹ̀ sínú oúnjẹ abọ́ mílílítà 250 tó ti tutù dé bí 50°C. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, 100 nM. Abọ́ àfiwé náà gba ethanol máíkírólítà 250 láìsí auxin nínú rẹ̀. Ẹ má fo èyí.

Mo gbé ọ̀gbìn ọlọ́jọ́ márùn-ún sórí abọ́ tuntun, mo sàmì sí ibi tí ṣóńṣó gbòǹgbò wà, mo wọn ohun tó gùn lé e lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Auxin tó tó yìí yẹ kó fa gbòǹgbò sẹ́yìn gan-an, torí gbòǹgbò kò fẹ́ auxin púpọ̀ rárá. Àbájáde mi ni mìlímítà 19 lórí abọ́ àfiwé, mìlímítà 17 lórí abọ́ auxin. Ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan.

Mo rò pé mo ṣi ìṣirò ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣirò péye. Ẹ̀bi wà lára abọ́: ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ṣe wọ́n, orí tábìlì lábẹ́ iná funfun ni mo tò wọ́n sí. IAA kì í pẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti iyọ̀ MS bá ti pàdé. Apá ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ búlúù ló ń bà á jẹ́ jù. Ọ̀gbìn mi ń jẹ òkú auxin.

Àtúnṣe: abọ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, igo IAA tí mo fi fóìlì wé, àti bébà aláwọ̀ ìyeyè tó mọ́ gaara tí mo nà bo iná. Lẹ́ẹ̀kejì, àfiwé 19, auxin 7. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà bébà lè lo NAA tàbí 2,4-D, wọ́n lágídí ju IAA lọ lábẹ́ iná. Àmọ́ wọn kì í wọ sẹ́ẹ̀lì, wọn kì í sì í jáde nínú rẹ̀ bákan náà bíi ti IAA, nítorí náà ẹ má pa nọ́ńbà wọn pọ̀.

Ìpele 3. RNA, ohun tó rọrùn láti pa

Ọ̀gbìn ọlọ́jọ́ méje, mílígíráàmù 100 fún tíúbù kan. Ó ju ọgọ́ta ọ̀gbìn lọ. IAA 10 µM nínú omi MS, wákàtí kan. Ethanol nìkan fún àwọn àfiwé. Lẹ́yìn náà, náítírójìn olómi, mo fi ọmọ odó kékeré gún wọn di ìyẹ̀fun. TRIzol (omi tí a fi ń yọ RNA) mílílítà 1, kùlọ̀rófọ́ọ̀mù mílílítà 0.2, yíyí nínú sẹ́ńtífúújì ní 12,000 g fún ìṣẹ́jú 15 ní 4°C. Omi òkè nìkan ni kẹ́ ẹ mú. Ìlà funfun àárín yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá ku díẹ̀ lókè rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ojúkòkòrò ni mo fi ba tíúbù méjì jẹ́.

Nígbà àkọ́kọ́, ìyẹ̀fun mi yọ́ kí TRIzol tó kàn án. Láàárín ìṣẹ́jú tí mo fi ń wá ìdérí tíúbù, ó ti di ọbẹ̀. Lórí jẹ́ẹ̀lì, dípò ìlà méjì tó mú ṣinṣin (25S àti 18S nínú ewéko), èéfín gbọọrọ ni mo rí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èròjà tó ń jẹ RNA ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀gbìn náà fúnra rẹ̀. Títutù ló dá a dúró, bí títutù bá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tún wà lára ọwọ́ wa, sísè lásán kì í sì í pa á. Láti ìgbà náà, mo ń ṣí ìdérí tíúbù sílẹ̀ kí n tó gún ohunkóhun.

Nígbà kejì, ìlà méjèèjì yọ dáadáa, àmọ́ A260/230, òṣùwọ̀n bí RNA ṣe mọ́ tó, jẹ́ 0.6, ó kéré jù. Ìyókù èròjà TRIzol ló wà níbẹ̀. Mo fi sódíọ̀mù ásítéètì àti ethanol tún un mú sísàlẹ̀, mo fi ethanol 75% fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dé 2.1.

Nígbà kẹta ni mo rí èyí tó burú jù. Kí a tó lè ka RNA, ènsáímù kan á kọ́kọ́ sọ ọ́ di cDNA, ẹ̀dà DNA rẹ̀, PCR á wá máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan títí yóò fi hàn; bó bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀rẹ̀ ni ìyípo rẹ̀ ṣe ń kéré tó. Mo ní tíúbù kan tí mi ò fi ènsáímù náà sí. Kò yẹ kí ohunkóhun jáde níbẹ̀. Ó jáde ní ìyípo 24, nígbà tí tíúbù gidi jáde ní 21. Ìyípo mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí mo ń pè ní RNA jẹ́ DNA. Mo fi DNase I, ènsáímù tó ń jẹ DNA, fọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní mi ò ṣe tíúbù yẹn ni, mi ò bá ti tẹ irọ́ jáde.

Nọ́ńbà ìkẹyìn (ìyípo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde), pẹ̀lú jíìnì PP2A (At1g13320) gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí kì í yí: lára àfiwé, IAA19 26.1, PP2A 23.5. Lára èyí tó gba auxin, IAA19 22.3, PP2A 23.6. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ 2.6, èkejì −1.3, àlàfo àárín wọn 3.9. Méjì nípá 3.9 jẹ́ nǹkan bí 15. RNA ìjánu ti pọ̀ lóòótọ́. Kò sí àṣìṣe mọ́ níbí yìí, ìyẹn gan-an ló wá ń kó mi lọ́kàn sókè.

Ìpele 4. Lílépa purotéènì

Ìjánu mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú Arabidopsis, Aux/IAA ni orúkọ ìdílé wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ní àmì kan lára, lẹ́tà ásíìdì-amínò márùn-ún: GWPPV. Àmì ikú ni mo ń pè é. Auxin kì í pa ìjánu fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń ṣe bí àtè láàárín àmì yẹn àti purotéènì TIR1. TIR1 àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á lẹ ubiquitin, purotéènì kékeré tó jẹ́ àmì fún lílọ̀, mọ́ ìjánu lára, proteasome, ọlọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lọ purotéènì, á wá lọ̀ ọ́ kúnná. Ọdún 2005 ni ó hàn gbangba pé TIR1 gan-an ni ibi tí auxin ń so mọ́.

Mi ò rí irúgbìn tí wọ́n so àmì mọ́ IAA19 lára. Èyí tí mo rí ni ti àbúrò rẹ̀, IAA17, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ AXR3. Apá iwájú AXR3, níbi tí àmì ikú wà, ni wọ́n so mọ́ GUS, wọ́n sì fi í sábẹ́ apá DNA kan tí ooru máa ń ṣí bíi bọ́tìnnì: ní 37°C, sẹ́ẹ̀lì ń ṣe é; ní 22°C, ó dákẹ́. GUS ni ènsáímù láti inú E. coli tó ń sọ X-Gluc di àwọ̀ búlúù. Alágídí ni GUS fúnra rẹ̀, ó lè pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ púpọ̀. Bí búlúù bá wá ṣá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í ṣe GUS ló rẹ̀. Àmì ikú ló wọ́ ọ lọ.

Ètò mi: ọ̀gbìn ọlọ́jọ́ méje nínú omi MS, 37°C fún wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 20 ní 22°C, IAA 10 µM, kí n máa kó ọ̀gbìn 12 jáde ní ìṣẹ́jú 0, 10, 20, 30 àti 60. Omi ìkùn: X-Gluc 1 mM, bọ́fà fọ́sífééètì 100 mM pH 7.0, EDTA 10 mM, Triton X-100 0.1%, férísáyánáìdì àti férosáyánáìdì 0.5 mM kọ̀ọ̀kan.

*Ìgbìyànjú A.* Kò sí búlúù kankan, níbi kankan. Àpótí ooru kọ 37 sí ojú rẹ̀; mo ki tẹmómítà bọ inú omi ọ̀gbìn fúnra rẹ̀, 33 ni. Mo gbé àpótí sókè, mo sì ń fi tẹmómítà sínú tíúbù kan nígbà gbogbo láti ìgbà náà.

*Ìgbìyànjú B.* Gbogbo rẹ̀ di búlúù. Ìṣẹ́jú 0 búlúù, ìṣẹ́jú 60 búlúù, kò sí èyí tó yàtọ̀. Mo ti fi wọ́n sílẹ̀ nínú omi ìkùn di ọjọ́ kejì. Bí ènsáímù bá kéré tó, bí a bá fún un lóru kan, á kun ilé. Mo dín in kù sí wákàtí méjì.

*Ìgbìyànjú C.* Wákàtí méjì, búlúù kò tó ti B, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kò tún sí. Níbí ni mo ti jókòó wo abọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ní ọ̀gbìn mẹ́fà tí mi ò fi sínú ooru rárá, nítorí ìbẹ̀rù lásán ni mo fi wọ́n síbẹ̀. Àwọn náà ní búlúù lára! Wọn ò rí 37°C rí láyé wọn, báwo ni wọ́n ṣe ṣe AXR3-GUS?

Wọ́n rí i. Inú omi ìkùn ni wọ́n ti rí i. Ní 37°C ni a ń kùn GUS, ọ̀gbìn mi sì ṣì wà láàyè nígbà tí mo ki wọ́n bọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ ka purotéènì ni mo ti ń ṣe tuntun. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ya fọ́tò ohun tí èmi fúnra mi ń dá sílẹ̀.

*Ìgbìyànjú D.* Ní gbogbo àkókò kíkó, ọ̀gbìn bọ́ tààrà sínú acetone 90% tó tutù lórí yìnyín, ìṣẹ́jú 20, wọ́n kú. Bọ́fà lẹ́ẹ̀mejì, omi ìkùn wákàtí méjì, ethanol 70% láti fọ àwọ̀ ewé kúrò. Àwọn tí kò rí ooru funfun báláú. Ìṣẹ́jú 0, gbòǹgbò búlúù látòkè délẹ̀. Ìṣẹ́jú 10, ó ti ṣá. Ìṣẹ́jú 30, ó ku fírífírí ní ṣóńṣó. Ìṣẹ́jú 60, kò sí mọ́. Èyí tí kò gba auxin náà ń ṣá, àmọ́ ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ewéko ní auxin tirẹ̀ nínú.

Mo fi ẹ̀rí méjì tì í lẹ́yìn. Èkínní ni MG132, tó ń dí ọlọ proteasome lẹ́nu: 50 µM, ìṣẹ́jú 30 kí auxin tó dé. Búlúù kò lọ. (Nígbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé àwọn tó gba DMSO nìkan. Inú DMSO, omi tí a fi ń yọ́ MG132, ni mo fi gbé e wọlé, ó jẹ́ 0.5%, ẹni tó bá sọ pé DMSO ló ṣe é, mi ò ní èsì fún un. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. MG132 wọ́n, ó sì dùn mí.) Èkejì ni irúgbìn axr3-1 tí wọ́n so mọ́ GUS lọ́nà kan náà: lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí nínú àmì ikú rẹ̀, proline di leucine. Wákàtí kan pẹ̀lú auxin, búlúù rẹ̀ dúró gbagidi.

Mo wá tẹ́ àwòrán gbòǹgbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà RNA mi. Wákàtí kan náà, auxin kan náà: RNA ìjánu ń gòkè, purotéènì ìjánu ń wálẹ̀. Ó rí bí agbada tó jò tí èèyàn ń pọn omi sí. RNA ni iye garawa tó ń wọlé. Bí o bá ń ka garawa nìkan, o ò lè mọ ibi tí omi dé, torí auxin ti fẹ ihò ìdí agbada. Bí ìjánu ti ń lọ, àwọn purotéènì ARF tí ó dè mọ́lẹ̀ á dìde, wọ́n á ṣí àwọn jíìnì ìdàgbà. IAA19 náà wà lára jíìnì tí wọ́n ń ṣí. Nítorí náà, bí auxin bá ti dín kù, tí ihò sì sé, garawa tó ti wà lójú ọ̀nà á kún agbada kíá, ìjánu á pa dà. Òun ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò dáhùn sí auxin ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí n tó rí èsì fún un. Ó wo fọ́tò, ó ní, "Ehn ẹn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele 5. Mo pa dà sí ìwé àtijọ́

Ohun tí mo rí yìí jẹ́ kí n fura sí iṣẹ́ mìíràn tí mo ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti ní irúgbìn tó ń ṣe miR160 lápọ̀jù. RNA kékeré ni miR160, lẹ́tà 21 péré, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú kí wọ́n gé RNA ARF10, ARF16 àti ARF17 sí méjì. Mo ti kọ sílẹ̀ nígbà náà pé ARF10 kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Síbẹ̀ ọ̀gbìn náà rí jákujàku lójú.

Mo ya ibi tí práímà mi (ègé DNA kúkúrú méjì tó ń sàmì sí ibi tí PCR máa dà kọ) wà sórí bébà. Méjèèjì wà lẹ́yìn ibi tí gígé ń ṣẹlẹ̀, lápá ìrù RNA, oligo-dT, ègé DNA tí mo fi bẹ̀rẹ̀ cDNA, náà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìrù. RNA tí wọ́n ti gé ní ìrù tirẹ̀ pẹ̀lú. Títí XRN4, ènsáímù tó ń jẹ RNA tí wọ́n ti gé, yóò fi jẹ ẹ́ tán, èmi ń kà á bí ẹni tó wà láàyè. Mo pàṣẹ práímà tuntun, ọ̀kan ṣáájú ibi gígé, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má baà sí ohun tí yóò jáde àfi láti ara RNA tó pé. ARF10 já wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti àfiwé. Tíúbù cDNA kan náà ni o, láti inú firíísà. Práímà nìkan ló yí.

Ohun tó ná mi

Ọ̀sẹ̀ 11. Abọ́ tó lé ní 140. X-Gluc mílígíráàmù 100 tán, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó bá ìgbìyànjú B àti C rìn. MG132, ìgò kan àti ààbọ̀. Àwọn ohun tó là mí kò wọ́n: tẹmómítà, fóìlì, bébà ìyeyè, ọ̀gbìn mẹ́fà tí kò rí ooru.

Ohun tó kù ni IAA19 fúnra rẹ̀. AXR3 ni mo wò, mo sì ń fi í sọ̀rọ̀ IAA19; wọn kì í fi ìyára kan náà kú, ti IAA28 ń pẹ́ ju ti AXR3 lọ dáadáa. Mo ti so IAA19 mọ́ GUS, mo ti ri òdòdó bọ inú Agrobacterium, bakitéríà tó ń gbé DNA wọ ewéko, irúgbìn àkọ́kọ́ sì ti gbẹ. Wọ́n wà ní 4°C báyìí, ọjọ́ kejì nínú mẹ́ta. Mi ò dáhùn fóònù nígbà tí mo ń fọ̀ wọ́n.